Ta ló gbẹ́ ọnà ara ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín?

Lóṣù tó kọjá, àwọn ìyá méjì tí ilé wọn kò jìnnà síra ní Ajílosùn, Adó-Èkìtì, jiyàn níwájú mi lórí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Àwọn méjèèjì ló ṣe tuntun lọ́dún yìí. Àwọn méjèèjì ni káfíńtà sọ fún pé “CNC la fi gbẹ́ ọnà ara rẹ̀.” Iye ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n owó tí ọ̀kan san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Ẹni tó san owó ńlá gbà pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ẹni tó san owó kékeré náà kò láyọ̀, torí etí ilẹ̀kùn tó wà lábẹ́ síńkì rẹ̀ ti ń wú. Ni wọ́n bá kọjú sí mi: “Ṣebí iṣẹ́ ẹ̀rọ kan náà ni? Ṣé ó máa ń rẹ ẹ̀rọ ni?”

Iṣẹ́ àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe jẹun, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yìí ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ náà ń ya ọnà fúnra rẹ̀. Àwọn kan rò pé ńṣe ni wọ́n ń tẹ ọnà mọ́ igi bí èèyàn ṣe ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ti ṣe, ó yẹ kó pọ́ọ́kú. N kò rò pé ẹnikẹ́ni rẹ́ àwọn ìyá méjèèjì yẹn jẹ. Ohun tí wọ́n rà yàtọ̀ síra ni, kò sì sẹ́ni tó là á yé wọn kí wọ́n tó san owó.

Kí ni CNC?

Ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kọ̀ǹpútà ló ń fi nọ́ńbà darí ẹ̀rọ, dípò kí ọwọ́ èèyàn máa tì í síwá sẹ́yìn. Tábìlì ńlá ni ẹ̀rọ náà. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníkọ́bọ́ọ̀dù gba odindi pátákó kan, ìyẹn 1220 mm ní ìbú àti 2440 mm ní gígùn. Afárá irin kan dábùú lórí tábìlì yẹn, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní spindle wà lára afárá náà, ẹnu mọ́tò yìí ni wọ́n sì ń ki irin mímú tí à ń pè ní bíìtì bọ̀. Bíìtì ló ń jẹ igi. Ó lè yí ní ìgbà 18,000 sí 24,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi máa ń han èèyàn létí látòkèèrè.

Ẹ ti rí télọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ sí ọrùn agbádá. Télọ̀ náà kì í di abẹ́rẹ́ mú. Ó ti ki ọnà sínú ẹ̀rọ, ó ti na aṣọ mọ́ férémù, abẹ́rẹ́ wá ń lọ síbi tí wọ́n ní kó lọ. Ọmọ ìyá ni ẹ̀rọ yẹn àti CNC. Abẹ́rẹ́ ń fi òwú kún aṣọ, bíìtì ń yọ igi kúrò lára igi, ìyàtọ̀ wọn kò ju ìyẹn lọ. Bí télọ̀ bá fi ọnà tí kò wuyì sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ọnà tí kò wuyì náà ló máa rán sọ́rùn agbádá yín, láìfi ẹsẹ̀ kan pe méjì. Bẹ́ẹ̀ ni CNC rí.

Báwo ló ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó gbẹ́?

Ká ní ẹ fẹ́ júwe ibi tí ẹ ri nǹkan mọ́ lóko fún ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ẹ ó ní: “Dúró sídìí ìrókò tó wà ní igun oko. Rin ẹsẹ̀ mẹ́wàá sápá ọ̀tún. Rin márùn-ún síwájú. Wá gbẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi mù ọ́ dé orúnkún.” Nọ́ńbà mẹ́ta péré lẹ fún un: ti ọ̀tún àti òsì, ti iwájú àti ẹ̀yìn, ti òkè àti ìsàlẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pè wọ́n ní X, Y àti Z. Gbogbo ohun tí CNC mọ̀ láyé yìí kò ju nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lọ, àti bí yóò ṣe yára tó lójú ọ̀nà.

Òdòdó kan ṣoṣo lára ilẹ̀kùn lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìjúwe bẹ́ẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yà ló ń ya ọnà náà sórí kọ̀ǹpútà. Yóò sọ irú bíìtì tó máa gbẹ́ ibì kọ̀ọ̀kan àti bí yóò ṣe jìn tó. Kọ̀ǹpútà yóò wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlà ìjúwe gígùn kan tí wọ́n ń pè ní G-code. Wọ́n á dà á sórí fúláàṣì, wọ́n á ki fúláàṣì bọ ẹ̀rọ, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìrókò tó wà ní igun oko. Ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ìrókò yẹn wà, èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi hàn án. Oníṣẹ́ yóò gbé bíìtì lọ sí igun pákó, yóò rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ojú igi, yóò wá sọ fún ẹ̀rọ pé “ibí ni òdo.” Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe èyí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti máa ń bà jẹ́ jù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo pààrọ̀ bíìtì láàárín iṣẹ́, n kò sì tún òdo ti òkè àti ìsàlẹ̀ mú. Bíìtì tuntun gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gún pákó ọ̀gánwó dáadáa kan já títí tó fi kan tábìlì, kí ọwọ́ mi tó dé bọ́tìnì pupa tí wọ́n fi ń dá a dúró. Pákó ẹlẹ́ni ni. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀rọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí mo júwe fún un gan-an ló lọ.

Pákó tó bá ti ká tàbí tó ya náà ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú igun rẹ̀ bá fi 2 mm ga ju ìyókù lọ, ọnà tó yẹ kó jìn ní 3 mm yóò jìn ní 5 mm níbẹ̀. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń lo àkókò láti tẹ́ pákó rẹ̀, kó sì dè é mọ́ tábìlì kó tó tan ẹ̀rọ rárá.

Iná tún ńkọ́? Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ti gbẹ́ ọnà dé ìdajì, àwọn mọ́tò tó ń tì í kiri ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń rántí ìlà tí wọ́n dé, síbẹ̀ bí wọ́n bá fi bí irun orí lásán yẹ̀, ojú yóò rí àpá rẹ̀ lára òdòdó. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó bá ní iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ kì í fi í lé iná ìjọba lọ́wọ́ níbí. Jẹnẹrétọ̀ ló máa tàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, owó epo rẹ̀ sì wà nínú owó tí wọ́n ń bù fún yín.

Ṣé ohun tuntun ni?

Kì í ṣe tuntun. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John T. Parsons ní Michigan, Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀nà láti ṣe abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà kó rí bákan náà nígbà gbogbo. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wọn náwó sí i, nígbà tó sì di 1952, ilé ẹ̀kọ́ MIT fi ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé nọ́ńbà han aráyé. Orí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí nígbà yẹn. Irin ni wọ́n ń gé. Ọnà ara kọ́bọ́ọ̀dù kò tíì sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyá méjì yẹn wà. Ọnà méjì ni ẹ̀rọ yìí máa ń ṣe sára ilẹ̀kùn, àárín wọn sì jìn síra bí igbá tí wọ́n fín ṣe jìn sí ère tí wọ́n gbẹ́.

Àkọ́kọ́ ni fífín. Bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó rí bíi lẹ́tà V, ń tọ ìlà lọ. Ó ń fi kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sì tán. Àrà tó wà nínú bíìtì yìí ni pé bó bá ṣe ń wọlé sí i ni kòtò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí ní dígírì 90, bó bá jìn ní 3 mm, kòtò rẹ̀ yóò fẹ̀ ní 6 mm. Bó bá jìn ní 1 mm, yóò fẹ̀ ní 2 mm. Ìdí rèé tí ìlà ewé fi lè tín-ín-rín ní ìdí, kó fẹ̀ láàárín, kó tún tín-ín-rín lórí, tó fi dà bí ìgbà tí akọ̀wé bá ń tẹ kálàmù rẹ̀ tó sì tún ń dẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni ọnà tó yọ, tí ọwọ́ lè pa kó mọ ibi tó ga àti ibi tó lọ sílẹ̀: òdòdó tí ewé rẹ̀ ká, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ wú. Bíìtì kò lè tọ ìlà ọnà nìkan níbí. Ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo ojú pákó kọjá ní ẹsẹẹsẹ bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ poro, kó máa gòkè kó máa sọ̀ bí ọnà bá ṣe wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ojú pákó tó fẹ̀ ní 400 mm, tó gùn ní 600 mm. Bíìtì olórí róbótó tó nípọn ní 6 mm ń kọ poro, àárín poro kan sí èkejì jẹ́ 0.5 mm. Poro 800 nìyẹn. Poro kọ̀ọ̀kan gùn ní 600 mm, àpapọ̀ wọn jẹ́ mítà 480. Bí ẹ̀rọ bá ń rin mítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 160 ló máa lò, ìyẹn wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni o. Bíìtì tó sanra tó kọ́kọ́ ha igi kúrò kó tó kàn án kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bí wọ́n bá tún fẹ́ kó dán sí i, tí wọ́n sún poro mọ́ra dé 0.25 mm, wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú ni.

Ẹ fi wé fífín. Bí gbogbo ìlà tó wà lára ilẹ̀kùn kan bá jẹ́ mítà 6 lápapọ̀, ìṣẹ́jú méjì ni. Kódà bó jẹ́ mítà 30, kò kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọnà tó yọ ni ìyá tó san owó ńlá ṣe. Ilẹ̀kùn mẹ́wàá tirẹ̀ ń lọ sí wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Ti aládùúgbò rẹ̀ kò lè gbà ju wákàtí méjì lọ. Kì í rẹ ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àkókò, epo àti bíìtì, iṣẹ́ ẹlòmíràn kò sì lè bọ́ sórí tábìlì náà títí tó fi máa parí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í tán síbẹ̀. Poro wọ̀nyẹn máa ń fi àpá wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sáńpépà pa rẹ́, nínú gbogbo kọ̀rọ̀ ewé àti abẹ́ ìyẹ́. Ẹni tó bá sáré lórí ẹ̀rọ, tó fi poro jìnnà síra, yóò fi ọ̀sán gbogbo ra igi ní sáńpépà. Bí wọ́n bá bù yín ní owó tó kéré gan-an fún ọnà tó yọ, ẹ béèrè ta ló máa fi sáńpépà ṣe é.

Owó yíyà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ya ọnà, bó jẹ́ ilẹ̀kùn kan tàbí ogún. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo fi máa ń wọ́n lójú ẹni tó bá fẹ́ fi tọ́ ọ wò.

MDF ni tàbí igi gidi?

Wọ́n lọ igi kúnná títí ó fi di bí òwú, wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ó, wọ́n wá fi ooru àti agbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pátákó. MDF nìyẹn. Ẹ̀rọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò ní ojú igi, kò ní kókó, kò ní ibi líle àti ibi rírọ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kun ilẹ̀kùn yín ní ọ̀dà funfun tàbí àwọ̀ mìíràn, MDF ni n óò bá yín wá.

Ṣùgbọ́n bíi gààrí ni í ṣe sí omi. Bí omi bá ti kàn án, á wú, kò sì sí oòrùn tó lè dá a padà sí bó ṣe wà. Òde MDF le, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Inú rẹ̀ ló rọ̀. Nígbà tí bíìtì bá gbẹ́ ọnà sí i, òde líle yẹn ló ń ṣí kúrò, inú tó rọ̀ wá bọ́ síta. Ibẹ̀ ló máa ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò. Oníṣẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n máa kọ́kọ́ fi sílà dí inú ọnà náà, á jẹ́ kó gbẹ, á fi sáńpépà ra á, á tún fi sílà sí i kó tó kan ọ̀dà gidi. Ó gbọ́dọ̀ kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú. Ti ìyá tó ń ṣàròyé síńkì, mo tẹ̀ ẹ́ wò. Iwájú dán bíi dígí. Etí ìsàlẹ̀, tí ojú kì í rí, kò kan ọ̀dà rárá.

Igi gidi ní ìwà tirẹ̀. Ẹni tó bá ti la igi ìdáná rí mọ̀ pé bí èèyàn bá gbà á lójú igi, ó là wẹ́rẹ́. Bó bá dá a lábùú, yóò fa ya. Bíìtì náà ń bá ìyẹn pàdé. Ní apá ibi tí ọnà bá ti dábùú ojú igi, etí ewé lè fa ya tàbí kó hu irun. Arẹ̀rẹ̀ rọ̀, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ọnà wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ kán lára rẹ̀. Ọ̀gánwó gba ọnà dáadáa. Ìrókò le, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ òkúta gidi máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, èyí tí igi náà fúnra rẹ̀ ń kó jọ sínú bó ṣe ń dàgbà. Bíìtì tó bá lọ kọlu òkúta yẹn, ó parí fún un.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kí igi gbẹ. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti sọ́míìlì yóò gbẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí ẹ̀rọ, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti dára. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, á fún, á ká, á là. Igi tó gbẹ pàápàá ń mí: ó ń fẹ̀ díẹ̀ nígbà òjò, ó ń fún nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn káfíńtà àgbà kì í fi gọ́ọ̀mù di pákó àárín ilẹ̀kùn mọ́ férémù rẹ̀. Inú ojú àlà tí wọ́n gbẹ́ sí férémù ni wọ́n ń ki í bọ̀, kó lè máa rí àyè mí. Bí ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kan bá fi gọ́ọ̀mù dè é pinpin torí pé ó mi díẹ̀, ẹ má gbà fún un.

Ṣé eruku rẹ̀ léwu?

Ó léwu. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, pàápàá jẹjẹrẹ imú. Kẹ́míkà formaldehyde tó ń wà nínú gọ́ọ̀mù MDF náà wà lára àwọn ohun tí wọ́n kà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú ewu jù ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò tó. Ìbomú gidi àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí eruku funfun bo ìpéǹpéjú àwọn ọmọ ibẹ̀, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá wọn.

Báwo la ṣe lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ?

Ẹ wo kọ̀rọ̀ inú ọnà. Irin tó ń yí ní róbótó kò lè gbẹ́ igun mímú sínú kòtò, bí ìgbálẹ̀ róbótó kò ṣe lè wọ kọ̀rọ̀ yàrá. Bí gbogbo igun inú bá rí róbótó bí orí ìka, bíìtì ló ṣe é. Bí wọ́n bá mú rekete, bíìtì ẹlẹ́nu V ló wọ ibẹ̀, tàbí kí ẹnìkan ti fi ṣísẹ́lì tún un ṣe. Ẹ tún wo ilẹ̀kùn méjì pọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ máa bára dọ́gba délẹ̀. Ewé tí ọwọ́ gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kì í jọra tán.

Ẹ wá ti ìka bọ abẹ́ ewé. Ẹ̀rọ oní-X, Y àti Z, èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, òkè nìkan ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò lè rákò lọ sábẹ́ ewé láti gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí apá ère kan bá dá dúró kúrò lára pákó, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọwọ́ ló ṣe é, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀ wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Bí mo bá dé ibí yìí, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ayé àtijọ́, ni mo máa ń rántí. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí 1873, Ìsẹ̀-Èkìtì ló sì gbé ṣiṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀. Ó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́ fi Ògògà hàn lórí ìtẹ́, tó ń gba òyìnbó aláṣẹ kan lálejò, tí wọ́n gbé òyìnbó náà rù wá. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ síbi àfihàn ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. British Museum, ilé àkójọ ohun àtijọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ibẹ̀ ló wà dòní. Àwọn èèyàn orí ilẹ̀kùn náà yọ síta débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró kúrò lára igi. Ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù wa kò lè ṣe é. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé CNC ti pa iṣẹ́ agbẹ́gilére. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ ṣe kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí.

Ohun kan wà tó jọ ara wọn, síbẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, tí wọ́n ń fi àáké gé bí ère ṣe máa rí, àlétúnlé, tí wọ́n ń ya ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, dídán, tí wọ́n ń mú un jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ṣe irun àti ilà ojú. Bí a bá gbé CNC sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíìtì tó sanra ń ṣe ọnà lílé, bíìtì olórí róbótó ń ṣe àlétúnlé, sáńpépà ń ṣe dídán, bíìtì V ń ṣe fínfín. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó bá mọ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò ní pẹ́ lóye ẹ̀rọ.

Ta ló wá ni ọnà náà?

Ọ̀pọ̀ ọnà tí ẹ ń rí lára kọ́bọ́ọ̀dù ní Adó lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rà á tàbí ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ewé ńlá tó ń ká bí ìkarahun ìgbín, tó wà lára ilẹ̀kùn káàkiri, acanthus ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ló gbẹ́ ẹ sórí òpó tẹ́ńpìlì wọn láyé àtijọ́. Ó dára. N kò bá a jà. Àmọ́ ó ń dùn mí pé ilẹ̀ Èkìtì tó bí Ọlọ́wẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, tí agbẹ́gilére Bándélé ọmọ Aréògún ti kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́, ewé Gíríìkì ló kún ilé ìdáná rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ kò kọ ohunkóhun tí a bá fún un.

Kò ṣòro. Ẹ mú ọnà tí ẹ fẹ́, bóyá ti ara igbá ìyá yín àgbà tàbí ti àdìrẹ kan, ẹ fi yíǹkì dúdú yà á sórí ìwé funfun kó hàn gedegbe, ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹni tó ń ya ọnà lórí kọ̀ǹpútà yóò tọ ìlà rẹ̀. Fífín lèyí bá mu jù, ẹ sì ti rí i pé kò gba àkókò.

Fọ́tò èèyàn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan máa ń gbé fọ́tò bàbá wọn wá pé kí a gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ fọ́tò di ọnà tó yọ láìsí pé ẹnìkan tún un ṣe, ibi tó mọ́lẹ̀ ló máa sọ di òkè, ibi tó dúdú ló máa sọ di kòtò. Irun dúdú á wá jìn wọ inú igi, òjìji ẹ̀gbẹ́ imú á di ihò, fìlà funfun á ga ju imú lọ. Mo ti rí ọmọ kan tó dúró tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú èèyàn ń fẹ́ kí ayàwòrán jókòó mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń mọ amọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Bí wọ́n bá sọ pé ó máa yá lọ́la, ẹ fọgbọ́n gba fọ́tò yín padà.

Kí ni kí a bi káfíńtà kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bi í bóyá fífín ni tàbí ọnà tó yọ. Ẹ ní kó gbẹ́ àpẹẹrẹ kékeré kan, bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, sára igi tàbí MDF tó máa lò gan-an, kó kùn ún tán pátápátá, kí ẹ tó san ìyókù owó. Bí MDF bá nípọn ní 18 mm, ẹ béèrè iye tó máa kù lẹ́yìn ọnà níbi tó jìn jù. Ní tèmi, n kì í fẹ́ kó dín sí 10 mm. Ẹ bi í nípa ẹ̀yìn àti etí. Nídìí síńkì, mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n fi igi tó gbẹ dáadáa ṣe ilẹ̀kùn méjì yẹn nìkan, bí ìyókù bá tilẹ̀ jẹ́ MDF. Lábẹ́ ọ̀dà, ojú kò ní mọ̀ ọ́n.

Kí iṣẹ́ tó parí, ẹ bá a ṣe àdéhùn lórí fáìlì. Ẹ jẹ́ kó da ọnà tí wọ́n yà fún yín sórí fúláàṣì tiyín, kó kọ irú bíìtì tó lò àti bí ọnà ṣe jìn tó sínú ìwé, kí ẹ fi í sí ibi tí ẹ ń kó ìwé ilé sí. Ìyá tí ilẹ̀kùn abẹ́ síńkì rẹ̀ wú kò nílò ju ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lọ báyìí. Káfíńtà rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn, fáìlì náà sì bá a lọ. A ti ń fi fọ́tò ilẹ̀kùn tó kù tọ ìlà ọnà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.